Ọ̀nà Tó Mọ́ Jù

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkè yẹn ní Ìyá Báwo, kó ṣáà gbé aṣọ lọ fún un. Kó tó fi téèpù kan èjìká rẹ, á ti bi ọ́ pé báwo ni wọ́n ṣe hun aṣọ náà, báwo ni ẹni tó tà á fún ọ ṣe gé e, báwo ni ìyá rẹ ṣe sùn mọ́jú. Kì í ṣe òfófó. Olófòófó a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, a sì máa rù ú lọ sílé onílé. Ti Ìyá Báwo, inú ara rẹ̀ ló ń kó o sí, bí ẹni ń kó àjákù aṣọ sápò pé ọjọ́ kan á wúlò. Ọkọ rẹ̀, Káfíńtà, nígbà tó wà láyé, a máa sọ pé bí ikú bá wá mú ìyàwó òun, yóò kọ́kọ́ bi ikú pé báwo ló ṣe gba ilẹ̀kùn tí òun tì wọlé. Àfi bó ṣe jẹ́ Káfíńtà fúnra rẹ̀ ni ikú kọ́kọ́ wá mú. Kò sì bi í ní nǹkan kan. Ọ̀sán gangan ni, lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

Ó wá ku Ìyá Báwo àti ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ, nítorí kò sí ibi tí omi dúró sí tí kì í tẹsẹ̀ bọ̀. Ìyá ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ní ìlú ńlá, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Yàrá méjì ni ilé wọn. Máṣíìnì ìránṣọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà mọ́tò. Lẹ́yìn ilé, tí ènìyàn bá kọjá ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò, tó gorí pákó kan kọjá, tó sì gun òkè lọ sẹ́yìn ilé ìwé. Káfíńtà ló la ọ̀nà yẹn nígbà tí ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ṣì wà lọ́mọdé, òun náà ló sì gbé pákó sórí odò. Ọ̀nà mọ́tò ní tirẹ̀, ńṣe ló lọ yí gbogbo òkè tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta po, bí ẹni tó ń yẹra fún ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìjọba gbé bọ́ọ̀sì wá fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbé lọ́nà oko. Inú gbogbo ènìyàn dùn, àfìgbà tí wọ́n gbọ́ òfin tó tẹ̀lé e. Ọmọ tí ilé rẹ̀ bá jìnnà sílé ìwé tó kìlómítà mẹ́ta ló lè wọ̀ ọ́. Ọmọ tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ti fún un lẹ́sẹ̀. Ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé ara rẹ̀ bí ẹni ń wo bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu. Àgbẹ̀ kan mú ọmọ rẹ̀ lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lókè, kí ọmọ náà lè di ará ọ̀nà jíjìn. Láràárọ̀, ọmọ yẹn a wọ bọ́ọ̀sì kọjá níwájú ilé bàbá rẹ̀, a juwọ́ sí i, bàbá náà a sì juwọ́ padà, àfi bí ẹni tó ń sin àlejò.

Ìwájú ilé Ìyá Báwo náà ni bọ́ọ̀sì ń gbà. Á gbé ọmọ Wẹ́dà, ọkùnrin ajórin tó ń gbé lókè díẹ̀ sí i, á wá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí kòtò kan tó wà níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Báwo gan-an. Tó bá dé ibi kòtò yẹn, Dírẹ́bà a yọ orí jáde.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Dírẹ́bà, o kú àárọ̀. Àwọn ìjókòó tó ṣófo lẹ́yìn rẹ yẹn ńkọ́, ta ni wọ́n ń retí?"

"Màmá, ẹ má wò wọ́n. Tí ẹ bá ń wò wọ́n báyẹn, oorun ò ní kùn mí lálẹ́."

"Ṣé ìjókòó tó ṣófo máa ń jẹ epo ni?"

"Kì í jẹ epo, àmọ́ ó lè jẹ iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin wà nínú ìlà ni. Ẹni tó bá ti wà nínú ìlà, mi ò gbọdọ̀ gbé e."

"Ìlà wo? Ibo ló gbà?"

Dírẹ́bà gbọn orí. "Wọn ò fi hàn mí, Màmá. Wọ́n kàn ní ó wà níbẹ̀." Ó rọra yọ táyà kúrò nínú kòtò, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlà yìí kò jẹ́ kí Ìyá Báwo gbádùn. Kì í ṣe ìbínú ló kọ́kọ́ mú un, ìtọpinpin ni. Ìlà ni iṣẹ́ rẹ̀; kò sí ọjọ́ tí kì í fi ẹfun fa ìlà sára aṣọ. Ó mọ̀ pé ìlà kì í ṣàdédé wà, ẹnì kan ló ń fà á, ẹni náà a sì ti rí nǹkan tó fà á sí. Kí ni ẹni tó fa tibí yìí rí? Báwo ló ṣe dúró tó fi fà á? Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe. Báwo ni ọmọ Wẹ́dà ṣe wá jìnnà sílé ìwé tí Pẹ́pẹ́yẹ kò jìnnà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ń gbọ́ ikọ́ ara wọn lóru?

Ó bi Wẹ́dà. Wẹ́dà ṣí ìbòjú iṣẹ́ kúrò lójú, ó ní, "Háà, Màmá, ẹ ò tíì rí i? Àárín ilé ìwẹ̀ yín ló gbà kọjá. Tí ẹ bá ń wẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí bọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá yí sápá òsì báyìí, ẹsẹ̀ yá."

"Iná tí o ń wò yẹn ti wọ inú agbárí rẹ, Wẹ́dà."

"Ó ti pẹ́ tó ti wọ̀ ọ́, Màmá. Ìyàwó mi ti gbà fún Ọlọ́run."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Ìyá Báwo wá Pẹ́pẹ́yẹ tì, inú ilé ìwẹ̀ ló ti bá a. Ọmọ náà ti wọ aṣọ ilé ìwé, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó dúró gbọnin lápá ọ̀tún, ó ń retí bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀rín pa Ìyá Báwo, àmọ́ kò rín in tán.

Nígbà tí Káfíńtà wà láyé, ìṣòro kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni Pẹ́pẹ́yẹ ń jókòó sí, wọ́n á gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ, tí agogo kẹ̀kẹ́ á máa dún títí dé odò. Lẹ́yìn tó kú, Ìyá Báwo ń fẹsẹ̀ mú ọmọ náà lọ, ó sì ń fẹsẹ̀ lọ mú un bọ̀. Gbogbo Sátidé ló ń gbé ọkọ́ lọ ro ọ̀nà yẹn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a ro ó. Ibojì Káfíńtà wà níbi tí wọ́n sin ín sí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ojú ọ̀nà yìí ló ti ń sọ fún un pé ẹni báyìí kò tíì wá gba aṣọ rẹ̀, pé eyín Pẹ́pẹ́yẹ ti ń mì, pé òjò ọdún yìí pọ̀. Tó bá dé orí pákó, á bomi sí i, á fi ìgbálẹ̀ gbá ewéko kúrò lára rẹ̀. Ojú ibi tí táyà kẹ̀kẹ́ ń gbà ti jìn wọnú igi náà bí ojú ìlà àtẹ́lẹwọ́.

Ohun tí kò sọ fún Káfíńtà ni ọ̀rọ̀ orúnkún. Orúnkún ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò sílẹ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ lọ sódò ṣì ṣeé fara dà, gígun òkè ló ń mú un rántí orúkọ gbogbo ẹbí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí orúnkún bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ni Pẹ́pẹ́yẹ ń wà, á jókòó sábẹ́ máṣíìnì, á máa ṣa abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Wọ́n lè ní kí ó dá lọ. Àmọ́ ọmọ tó ń jẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ, ta ni yóò dá a rán kọjá lójú odò?

Ọjọ́ kan, tíṣà rẹ̀ yà wá fún aṣọ tó ní kí wọ́n dín fún òun. Ó jókòó, ó mumi, ó wo ọmọ náà tó ń ṣa abẹ́rẹ́.

"Màmá, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń fẹjọ́ sùn. Ọmọ yìí gbọ́n, ìbéèrè rẹ̀ pọ̀, mo mọ ibi tó ti rí i. Ṣùgbọ́n bó bá ń pa ilé ìwé jẹ báyìí, yóò tún kíláàsì yẹn kà ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri."

Ìyá Báwo ń yí aṣọ náà lọ́wọ́. Ó ń ronú nípa ọmọbìnrin kan tó fi ilé ìwé sílẹ̀ láyé àtijọ́, tí kì í ṣe pé kò gbọ́n, tí kì í ṣe pé wọ́n lé e. Ọ̀nà ló jìn. Ọmọbìnrin náà ti dàgbà di télọ̀, orúnkún ti ń dùn ún, títí di òní sì ni ó ń bi àwọn ènìyàn ní ohun tó yẹ kó ti kà nínú ìwé.

Ló bá dìde lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́.

Yàrá kékeré ni. Fáànù kan ń yí ọrùn lọ, ń yí ọrùn bọ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pín nǹkan. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní kàtá, ó fi áńkáṣíìfù dí imú.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Kí lẹ fẹ́?"

"Ìlà ni mo wá wò."

"Ìlà wo, Màmá?"

"Èyí tí mo wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ yín."

Akọ̀wé náà wò ó bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ó fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ní kí ó wá jókòó, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Àwọn òkè, àwọn oko àti àwọn òrùlé wà níbẹ̀, kékeré bí èérún.

"Ilé yín rèé."

"Jésù! Báwo ni wọ́n ṣe rí orí ilé mi?"

"Òkè ni wọ́n ti yà á, Màmá."

"Ta ló gun òkè ọ̀hún? Ṣé wọ́n rí aṣọ tí mo sá?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí kàtá fi gbé e. Ó ní wọn ò rí aṣọ. Ó fi ìka tọ́ka sí ibi kan lẹ́yìn ilé náà. "Ọ̀nà tó kúrú jù tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n máa ń tọ̀, láti ilé dé ilé ìwé. Tiyín rèé."

Ìyá Báwo tẹ ojú mọ́ gíláàsì náà. Ó rí i. Tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó jáde láti ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó já odò, ó gòkè. Ọ̀nà Káfíńtà ni! Ó dà bíi pé ẹnì kan pe orúkọ ọkọ rẹ̀ nínú yàrá náà. Ọkùnrin tí kò wọ ọ́fíìsì ìjọba rí láyé ẹ̀, àyàfi ọjọ́ tó lọ kan fèrèsé fún wọn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá wà nínú kọ̀ǹpútà ìjọba!

"Ọkọ mi ló la ọ̀nà yẹn," ló wí. "Àdá kan ṣoṣo ló fi là á."

"Ó ṣe iṣẹ́ gidi, Màmá." Akọ̀wé náà sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, pé tiyín fi díẹ̀ báyìí dín sí kìlómítà mẹ́ta, pé ti ẹni tó wà lókè yín fi díẹ̀ lé, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ẹ ti wá fẹnu ara yín ṣàròyé, awọnlẹ̀, ẹni tó ń wọn ọ̀nà fún wọn, máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wo ọ̀nà náà. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó wọ Ìyá Báwo létí jù ni ti ìkẹyìn. Ìjọba ń bọ̀ wá wo ọ̀nà Káfíńtà.

Bí àlejò bá ń bọ̀ nílé ẹni, ṣé a kì í gbálẹ̀ ni? Ìyá Báwo kò dúró de Sátidé. Ó gbé ọkọ́, ó gbé àdá, ó di orúnkún ní aṣọ gbọnin-gbọnin. Ó ro ọ̀nà náà láti ẹ̀yìnkùlé títí dé ibi tí ògiri ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Ó gé ẹ̀ka tó ń na ọwọ́ sójú ọ̀nà. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ dí ibi tó ń yọ̀. Ó fọ pákó pẹ̀lú ọṣẹ, ọṣẹ gidi, tí wọ́n fi ń fọ aṣọ.

Wẹ́dà wá wò ó, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. "Màmá, ó ku kápẹ́ẹ̀tì."

"O ní in ni?"

"Ká ní mo ní in, ṣé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ǹ bá máa sùn?"

Awọnlẹ̀ dé lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú dáadáa. Ó ní ọ̀pá kan lọ́wọ́ tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo wà nídìí rẹ̀. Bó bá ti ń tì í lọ, ó ń dún ká, ká, ká, nọ́ńbà kékeré á sì máa yí lára rẹ̀. Kó tó rìn jìnnà ni àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Kan. Láti ẹnu géètì ilé ìwé ló ti ń wọ̀n bọ̀, orí pákó ni Ìyá Báwo ti pàdé rẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Báwo ló ṣe ń mọ ibi tó dé?" Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó dúró, ó ṣàlàyé: bí ẹsẹ̀ náà bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó mọ bó ṣe tóbi tó, ó sì ń ṣírò rẹ̀. Ìyá Báwo ní téèpù tó ń rìn ni nígbà náà. Awọnlẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó fún un ní ọ̀pá náà kó fọwọ́ ara rẹ̀ tì í, inú Ìyá Báwo sì dùn bí ọmọdé, ó ń tì í lọ sílé, ká, ká, ká, pẹ̀lú orúnkún tó dì.

"Mo ti wọn ọ̀nà púpọ̀," awọnlẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀, "mi ò tíì rí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó mọ́ tó báyìí. Ó mọ́ ju èyí tí ìjọba ń tọ́jú lọ. Ṣé àwọn ará àdúgbò ló ń ro ó?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan. Gbogbo Sátidé."

Ọkùnrin náà tẹ̀lé e títí wọ́n fi dé ẹ̀yìnkùlé. Ó gba ọ̀pá rẹ̀, ó wo nọ́ńbà, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá, ẹ jókòó ná."

Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n jókòó sí. Ó ní, "Òfin ní kí n tọ ọ̀nà tó kúrú jù, tó bá ti mọ́, tó sì ṣeé rìn. Tó bá jẹ́ igbó ni mo bá níhìn-ín, mi ò ní gba ibẹ̀ rárá. Ọ̀nà mọ́tò ni ǹ bá gbà wá, ìyẹn sì kọjá kìlómítà mẹ́ta dáadáa." Ó tọ́ka sí ọkọ́ tó fara ti ògiri. "Ìyá, ọkọ́ yín yìí ló ń sọ ọmọ yín kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, Ìyá Báwo wá ìbéèrè tì. Ó wo ọkọ́. Ó wo ọ̀nà tó mọ́ tónítóní, tó ń dán bí ojú ẹni tó wẹ̀ tán. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, jẹ́jẹ́ ló jáde.

"Bí mi ò bá ro ó mọ́, ṣé mo ṣẹ̀ sófin?"

"Kò sí òfin tó ní kí ẹ ro ó rí."

"Pákó orí odò ńkọ́?"

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Ọkọ mi."

"Ohun ẹni ni ohun ẹni." Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò. "Mi ò ní kí ẹ ṣe é o, mi ò sì ní kí ẹ má ṣe é. Ohun tí ojú mi bá rí ni mò ń kọ. Lẹ́yìn òjò, mo tún ń padà bọ̀ wá yí gbogbo agbègbè yìí po."

Nígbà tí Sátidé pé, Ìyá Báwo gbé ọkọ́ jáde bó ṣe máa ń ṣe. Ó dé ẹnu ọ̀nà náà, ó dúró. Ó padà wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ọkọ́ lé itan bí ọmọ tuntun. Wẹ́dà rí i láti òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Koríko mọ iṣẹ́ ẹ̀. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ ṣe nǹkan kan, á bá yín ṣe é."

"O rò pé mi ò mọ̀? Bí koríko bá bò ó, ta ni yóò mọ̀ pé ọkọ mi gba ibẹ̀ rí?"

Wẹ́dà lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń já koríko.

Ìgbà yẹn ni Pẹ́pẹ́yẹ jáde láti inú ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó wo àgbà méjèèjì tó dákẹ́. Ó jọ ìyá àgbà rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò lè rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kó má fi ìbéèrè há a.

"Màmá, kí ni Bàbá Àgbà tiẹ̀ la ọ̀nà yìí fún?"

"Kí ìyá rẹ lè rí ilé ìwé lọ."

Ẹnu Ìyá Báwo ló ti jáde, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́, tí òun sì ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wẹ́dà gbójú sókè wò ó. Ìyá Báwo dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó fi ọkọ́ há òrùlé, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti ní tètè tó o.

"Pákó yẹn ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀," ló wí nígbà tó jáde. "Pákó tí igbó bá bò, pàkúté ni. Wẹ́dà, wá bá mi yọ ọ́."

Wẹ́dà àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ló fà á jáde. Ó wúwo ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ó ti mumi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ọjọ́ náà lọ, Wẹ́dà ń gbé Pẹ́pẹ́yẹ lórí alùpùpù rẹ̀ gba ọ̀nà mọ́tò lọ sílé ìwé, ní àwọn ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà á láyè. Ní ọjọ́ tí kò bá gbà á láyè, ilé náà ni ọmọ ń wà. Wẹ́dà ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé òun ti di bọ́ọ̀sì, pé ẹsẹ̀ méjì ni tòun, pé ìjọba kò tíì fa ìlà sóun lórí.

Ìyá Báwo rò pé òun ò ní lè wo ọ̀nà náà mọ́. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò jẹ́. Báwo ni ọ̀nà ṣe ń di igbó? Kò mọ̀ rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti la ọ̀nà yẹn, ńṣe ni wọ́n ń gé koríko rẹ̀ kó tó ga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú Pẹ́pẹ́yẹ lọ dúró ní ẹnu rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n wò ó. Koríko tó ń fàyà wọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ẹni tó fẹ́ bọ ara wọn lọ́wọ́. Patanmọ́ tẹ̀lé e. Pẹ́pẹ́yẹ a fi ìka kàn án, ewé rẹ̀ á pa dé, ọmọ náà á wá lóṣòó tì í títí yóò fi tún la ojú. Ìtàkùn kan yọ òdòdó aláwọ̀ búlúù tí Ìyá Báwo kò rí rí níbẹ̀.

"Ibo lo wà látọjọ́ yìí?" ó bi òdòdó náà.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń gé e," Pẹ́pẹ́yẹ wí.

"Ẹnu rẹ mú bíi sísọ́ọ̀sì mi. Máa lọ wẹsẹ̀."

Ó ṣì ń bá Káfíńtà sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó sọ ohun tí òun ṣe fún un, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́, koríko tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún. Ìyá Báwo kò ní ìyẹn jẹ́ èsì, kò sì ní kì í ṣe èsì.

Òjò lọ tán, Ẹlẹ́sẹ̀-Kan padà dé. Ó dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ó wo ibi tí ọ̀nà wà rí. Igbó ti gùn tó o láyà. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tì í wò, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà lọ́ mọ́ ìtàkùn.

"Pákó orí odò ńkọ́, Ìyá?"

"Mo yọ ọ́. Ẹ wá wò ó."

Ó mú un lọ síwájú ilé. Lẹ́bàá ọ̀nà mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò tí bọ́ọ̀sì ti ń rọra, Wẹ́dà ti jó irin mẹ́rin pọ̀ di ẹsẹ̀, ó sì ti gbé pákó náà lé e lórí. Ó ti di bẹ́ńṣì. Awọnlẹ̀ jókòó sí i, ó fi ọwọ́ pa ojú ibi tí táyà kẹ̀kẹ́ jìn sí. Ó bi í pé kí ló gba ibẹ̀. Ìyá Báwo sọ fún un. Ọkùnrin náà jókòó díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé ọ̀nà mọ́tò, ó ń lọ, ká, ká, ká, Pẹ́pẹ́yẹ sì ń sáré tẹ̀lé e títí wọ́n fi pe é padà.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kí bọ́ọ̀sì tó dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Dírẹ́bà yọ orí jáde níbi kòtò, bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ṣí.

"Màmá, ìlà ti kọjá yín o!"

"Ibo ló gbà kọjá? Mi ò rí i."

"Èmi náà ò rí i. Pẹ́pẹ́yẹ, wọlé wá jàre, kí Màmá tó bi mí léèrè ẹ̀rọ ọkọ̀."

"Báwo ni ilẹ̀kùn yẹn tiẹ̀ ṣe ń dá ṣí?"

"Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?"

Pẹ́pẹ́yẹ wọ bọ́ọ̀sì. Ó jókòó sídìí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Wẹ́dà, ó tẹ imú mọ́ gíláàsì títí imú náà fi fẹ̀. Bọ́ọ̀sì rọra yọ nínú kòtò, ó lọ yí òkè olókùúta po.

Ìyá Báwo jókòó sórí pákó. Ó fi ìka tọ ojú ọ̀nà táyà náà láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, kò yára. Aṣọ ìyàwó ẹnì kan ń dúró dè é lórí máṣíìnì, ó sì dìde láti lọ mú un. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ nǹkan tó ń fọ́ ewé gbígbẹ lẹ́yìn ilé. Ó yọjú. Àparò kan ló ti inú igbó ọ̀nà Káfíńtà jáde, pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà yẹn tipẹ́.

Ìyá Báwo fara ti òpó, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kó má bàa dẹ́rù bà wọ́n.

"Ẹ kú ìrìn," ó wí. "Odò ńkọ́? Báwo lẹ ṣe gbà á kọjá?"